Ohùn Ìyá Àgbà nínú Ihò Ìjàpá

Àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ!

Àlọ́ mi kò wá pa yín lẹ́rìn-ín lónìí. Ó fi ìbínú ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀, ó rìn títí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, àṣà kan wà ní ìdílé àwọn Àgbọ̀nrín. Bí wọ́n bá bímọ, ìyá àgbà nìkan ló lè fún ọmọ náà ní oríkì. Bàbá ọmọ kò gbọdọ̀ dá a lábàá, ìyá ọmọ pàápàá kò gbọdọ̀. Bí ọjọ́ kẹjọ bá kọjá tí ọmọ kò gba oríkì, "Ìwọ" lásán ni wọn yóò máa pè é títí ayé.

Oyún Àgbọ̀nrín pé oṣù mẹ́jọ, àìsàn sì dá ìyá rẹ̀ wólẹ̀. Ìyá àgbà mọ̀ pé òun kò ní rí ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ ọmọ lórúkọ nínú oyún. Ó ránṣẹ́ pe Àwòdì, ará ilé wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, tó sì ní kámẹ́rà tó dára. Àwòdì gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jáde síta kí etí rẹ̀ má baà gbọ́ ohun tí kò tíì tó gbọ́. Ìyá àgbà nìkan ló bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó parí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí ọmọ yóò fi dé. Ní ọjọ́ kẹta, ó sùn, kò jí mọ́.

Àwòdì kó fídíò náà sínú mẹ́mọ́rì kékeré, ó gbé e lé Àgbọ̀nrín lọ́wọ́. Kí ó tó padà síbi iṣẹ́, ó kìlọ̀ fún gbogbo agboolé. Ó ní fídíò náà mọ́ gaara, ó sì wúwo. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè gbé e. Tẹlifíṣọ̀n tí wọn yóò rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ bí omi àpáta, tó sì lè gba àwòrán láti orí fóònù láìsí wáyà. Áàpù tí yóò ṣí i gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í yan fídíò jẹ. Ó wá fún wọn ní mẹ́mọ́rì kejì, tí ó ya odò ẹ̀yìn ilé wọn sí.

"Ẹ má wo bí ẹ̀rọ ṣe ń dán lọ́jà," ni Àwòdì wí. "Ẹ fi odò yín dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Bí ẹ kò bá lè ka ẹsẹ̀ kòkòrò tó wà lórí omi náà, ẹ má rà á."

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Gbogbo agboolé dáwó jọ, ó ku ẹni tí yóò lọ. Ẹfọ̀n, olórí agboolé, ní òun ń kórè. Ọ̀yà ní ọ̀nà ọjà jìn. Ìjàpá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ ẹ̀rọ lélẹ̀, ọ̀kan kò jọ ọ̀kan. Wọn kò lóye ẹyọ kan níbẹ̀, ojú sì ń tì wọ́n láti béèrè. Ìtìjú yẹn gan-an ló bí gbogbo rẹ̀. Wọ́n rán Ìjàpá lọ ní òun nìkan. Mẹ́mọ́rì odò wà lórí àjà. Kò sí ẹni tó nawọ́ mú un.

Ìjàpá ra tẹlifíṣọ̀n rere. Ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e wọnú ihò àpáta tó fi ṣe ilé. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí àkìtàn ẹ̀yìn ọjà, ó ṣa ògbólógbòó tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀, ó fi àdí ra á lára títí ó fi ń kọ mànà. Èyí ni ó gbé wá fún agboolé. Wọ́n yìn ín.

Ọmọ dé, obìnrin ni. Wọ́n ki mẹ́mọ́rì bọ ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ ń hó bí ọṣẹ, kò sí ìyá àgbà níbẹ̀. Ìjàpá mi orí bí onímọ̀. Ó ní ẹ̀rọ kò ní àléébù, fídíò ló ki jù. Ọ̀gá kan wà nílùú tó lè là á, ṣùgbọ́n iṣu tuntun àti ìgbín yíyan nìkan ni ọ̀gá náà ń gbà, ní àràárọ̀. Wọ́n gbé mẹ́mọ́rì lé Ìjàpá lọ́wọ́.

Àgbọ̀nrín, tí ikùn rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, ni ó ń fi pátákò wa iṣu. Ìjàpá ń gbé e wọ ihò, ó ń jẹ, ó ń wo ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ilé dáwó rà. Yánníbo ní kí ó bẹ̀rù òkú. Ìjàpá ní òkú kò bá òun du iṣu. Mẹ́mọ́rì náà ńkọ́? Kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ó fi ti ẹsẹ̀ àga rẹ̀ tó ń mì.

Ní ọjọ́ keje, àga ti tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìjàpá kó àfọ́kù rẹ̀ wá.

"Ìyá yín wúwo jù," ni ó wí. "Ó ti parẹ́. Ẹ máa pe ọmọ ní Ìwọ. Ọmọ á dàgbà síbẹ̀."

Àgbọ̀nrín kò sunkún. Ó béèrè pé, "Ìjàpá, ṣé o gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó parẹ́?"

"Mo gbọ́ díẹ̀. Ó ní kí ẹ máa tọ́jú mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn dun yín. Ó yẹ kó dun yín.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́. Omi, oyin àti orógbó wà nílẹ̀, orúkọ nìkan ni kò sí. Àwòdì balẹ̀ sáàárín wọn láti bá wọn sọmọ lórúkọ. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sílẹ̀. Èkejì wà nínú fóònù òun. Ṣùgbọ́n ojú fóònù kéré, ó sì yẹ kí gbogbo ìdílé rí ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi fóònù wá tẹlifíṣọ̀n tó wà nítòsí. Ẹ̀rọ aládìí kò dáhùn. Fóònù sì rí òmíràn, irú èyí gan-an tí Àwòdì ní kí wọ́n rà. Ó yíjú ká. Kò rí nǹkan kan.

"Ẹ dákẹ́," ni ó wí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn jáde láti inú àpáta.

Ìjàpá ń jẹ iṣu lọ́wọ́. Ìjàkadì pòórá, òkú sì jókòó síwájú rẹ̀. Àwòrán náà mọ́ débi pé ó rí omi lójú ìyá àgbà, ó rí i tí ọ̀fun rẹ̀ gbé itọ́ mì. Òkú tẹjú mọ́ ọn.

"Ìwọ tó wà níwájú mi yẹn, sún mọ́ mi kí n rí ọ."

Orí Ìjàpá wọlé sínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fìrì. Ó yí sábẹ́ àga. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, èmi ni mo gbé e pamọ́," ni ó ń wí. "N ó dá iṣu padà."

Gbogbo agboolé ti wà lẹ́nu ihò, wọ́n gbọ́ ọ. Àgbọ̀nrín kò wo ibi tí Ìjàpá wà. Ó gba orí èèpo iṣu kọjá, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè síwájú ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà ń bọ́rọ̀ lọ:

"Bí ọkùnrin ni ọ́, Àkànjí.
Bí obìnrin ni ọ́, Àwẹ̀ró.
Ọmọ afẹsẹ̀-mẹ́rin-kọ̀wé-sójú-ìrì,
Ọmọ agbọ́-ìró-ewé-gbéra-ńlẹ̀,
Bí mo bá pè ọ́, dá mi lóhùn."

"Àwẹ̀ró gbọ́, ìyá mi," ni Àgbọ̀nrín wí.

Ẹfọ̀n gbé pátákò sókè lórí Ìjàpá. Àgbọ̀nrín ní rárá, a kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí wọ́n lé e lọ. Ó wá yíjú sí àwọn àgbà.

"Ìjàpá jalè," ni ó wí. "Ta ló ní kí ó lọ ní òun nìkan? Mẹ́mọ́rì odò ṣì wà lórí àjà."

Ẹfọ̀n sọ pátákò kalẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni orí Ìjàpá ti ń sá wọlé bí ó bá gbọ́ ìró kékeré. Ó rò pé ìyá àgbà ló tún ń pe òun kí òun sún mọ́ ọn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi ohùn òkú ti ẹsẹ̀ àga, ohùn náà yóò bá a nílé. Ẹni tí kò bá sì fi ojú ara rẹ̀ dán nǹkan wò lọ́jà, ọṣẹ ni yóò máa wò nílé.

Àlọ́ mi tán lẹ́nu, kò tán nínú mi. Ẹ̀yin ọmọ lè lọ sùn. Ẹ̀yin àgbà ni mo ń bá wí.