Ọmọ Aláró àti Àjànàkú Ìgbódùn

Ní ayé àtijọ́, ọmọkùnrin kan wà ní ìlú Ìgbódùn tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti Baálẹ̀ lọ. Oyèdòkun ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àjànàkú ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí òun ni ajìjàkadì ìlú, kò sì sí ẹni tó dá a rí. Bí ó bá lọ pọnmi, àwọn ọmọdé á tò tẹ̀ lé e. Àwọn àgbàlagbà tí kì í dìde fún àna wọn á dìde fún un: "Àjànàkú, o kú iṣẹ́ o!" Iṣẹ́ tí wọ́n ń kí i fún náà ni omi tó rù. Ó ga, ó sì fẹ̀. Bí ó bá dúró sí ẹ̀yìn ilé, ẹni tó wà níwájú ilé á máa rí orí rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọdé ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pinnu bóyá yóò hù.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá lọ ní ohun àṣírí kan. Ó fẹ́ràn Àwẹ̀ró, ọmọ Ìyá Aláró, Àwẹ̀ró náà sì fẹ́ràn rẹ̀.

Òfin Ìgbódùn le lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí a bá ti gbin iṣu títí di ọjọ́ tí Ìgbódùn yóò bá ìlú Ìlódò jìjàkadì ọdọọdún, ajìjàkadì ìlú kò gbọdọ̀ ní ọ̀rẹ́bìnrin. Wọ́n ní ojú obìnrin a máa tú orúnkún ọkùnrin. Bí ó bá rú òfin, wọn á gba ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ti ọmọbìnrin náà ló burú jù: àwọn ọ̀dọ́ á sọ orúkọ rẹ̀ di orin èébú, wọn á máa kọ ọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Obìnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ ìlú tí wọ́n ti kọ orin tirẹ̀ kí wọ́n tó bí Àwẹ̀ró. Ó ti di arúgbó tí kò léyín mọ́, àwọn ọmọdé ṣì ń fi orin náà ṣeré òṣùpá lẹ́yìn ilé rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni àwọn ń bú. Ìyà yìí ni Àwẹ̀ró ń bẹ̀rù ju ikú lọ.

Ibi tí wọ́n ń sá aṣọ aró sí ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí Ìyá Aláró bá ti kó aṣọ lọ sọ́jà. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò tó nǹkan. Wọn á jẹ àgbàdo sísun, Àwẹ̀ró á máa sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin náà á máa gbọ́. Àwẹ̀ró kì í pè é ní Àjànàkú.

Ọmọkùnrin náà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Kí ló dé tí o kì í pe orúkọ mi bí aráyé ṣe ń pè é?"

"Ṣé aráyé ló sun àgbàdo fún ọ ni? Oyèdòkun, jẹun, jàre."

Ìṣòro wọn ni bí yóò ṣe máa dé ibẹ̀. Bí ó bá sá sẹ́yìn aṣọ, orí rẹ̀ á yọ lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ nìkan ni aṣọ á rí bò. Lọ́jọ́ kan, ó ró ìró ìyá rẹ̀, ó wé gèlè, ó tẹ̀ba bí arúgbó. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní, "Àjànàkú, ìró yìí mà yẹ ọ́ o." Ẹnì kejì ní, "Àjànàkú, ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni? Ìjà mà ti dé tán!" Ẹnì kẹta kò sọ̀rọ̀ rárá. Ilé ló gbà lọ, ó já ewé tí a fi ń wo ẹ̀yìn ríro, ó gbé e lọ fún ìyá Oyèdòkun.

Àwọn tó fura pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tú àṣírí ọmọ tí yóò báni na Ìlódò? Gbogbo wọn gbé ojú sókè, wọ́n ń wo ẹyẹ.

"Àwẹ̀ró," ni ọmọkùnrin náà wí, "bí wọ́n bá fi idà sí ọ lọ́rùn, má sọ pé o rí mi níbí. Èmi lè fara da kí wọ́n gba ìjà lọ́wọ́ mi. Orin yẹn ni mi ò fẹ́ fún ọ."

"Ìwọ ta ni?" ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Mi ò rí ọ rí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí wọ́n jọ rín nìyẹn.

Nígbà tí ìjà kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà Ìlódò gbé ajìjàkadì tiwọn, Ògúndépò, wá sí ojúde Baálẹ̀ lórí ẹní. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti dá. Ó ní ní ọ̀sán àná, ẹnì kan yọ sí òun lójú ọ̀nà oko, ó sì dá òun lápá kí òun má baà lè jà.

"Ta ni?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ẹni náà tóbi. Àjànàkú yín ni."

Àwọn àgbà Ìlódò ní bí Ìgbódùn kò bá lé e kúrò nílùú, ogun ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Baálẹ̀ yíjú sí ọmọkùnrin náà. "Àjànàkú, níbo lo wà ní ọ̀sán àná?"

"Mi ò dé ọ̀nà oko, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ibi tí o kò dé."

Baba àgbà kan wúkọ́, ó ní òun rí i tó yà sí ọ̀nà ilé aláró. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró. Ó dé pẹ̀lú aró lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá, ó kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Baálẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń fi oúnjẹ bẹ ọmọ, "ìwọ lo wà nílé lánàá. Ǹjẹ́ Àjànàkú dé ọ̀dọ̀ yín?"

Àwẹ̀ró wo Oyèdòkun. Ìyẹn mi orí fún un díẹ̀ pé rárá. Àwẹ̀ró wo ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí, ó rí i pé ọ̀kan nínú wọn ti ń mi èjìká, bí ẹni tí orin ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Bàbá, ìdí aró ni mo wà. Mo kàn rí nǹkan tó kọjá fìrí ni."

Àwọn ará Ìlódò pàápàá ń wo ara wọn.

"Fìrí?" ni Baálẹ̀ wí. "Alángbá ní ń kọjá fìrí. Ológoṣẹ́ ní ń kọjá fìrí. Àjànàkú, dìde." Ọmọ náà dìde, òjìji rẹ̀ sì bo Ògúndépò tòun ti ẹní. "Àwẹ̀ró, ṣé èyí ló kọjá níwájú rẹ, tí o ní o rí nǹkan fìrí?"

Ìyá Aláró sáré dé láti ọjà, ó sọ sí ọmọ rẹ̀ létí: "Sọ ohun tí o rí. Orin kì í pa èèyàn."

Àwẹ̀ró rántí arúgbó ìsàlẹ̀ ìlú. "Fìrí ni, Bàbá," ni ó tún wí.

Baálẹ̀ dijú. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí kò jáde lẹ́nu, adájọ́ kì í ti ọwọ́ bọ inú lọ fà á yọ. Wọ́n ní kí Àjànàkú kúrò ní Ìgbódùn kí oòrùn tó wọ̀.

Àárín ìlú ló gbà jáde, nítorí kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn tó lè gbà á. Àwọn tó máa ń dìde kí i kò dìde. Ọ̀kan ń ka igi àjà ilé rẹ̀, èkejì ń so àgùntàn tí ó ti so tẹ́lẹ̀. Bí ó ṣe kọjá ẹnu odi, Àwẹ̀ró ya kúrò láàárín èrò, ó figbe ta:

"Ẹ̀yin ará Ìgbódùn, irọ́ ni mo pa! Ọ̀dọ̀ mi ló wà lánàá! Mo rí i! Ẹ dá a padà!"

Oyèdòkun dúró díẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó tún ń lọ.

"A gbọ́, ọmọ mi," ni Baálẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlódò ti gba ìdájọ́ lọ sílé. Bí mo bá yí i padà nísinsìnyí, wọn á ní èmi ni mo kọ́ ọ lẹ́nu."

Kí ọdún tó yí po, ọtí tú Ògúndépò lẹ́nu. Kò sí ẹni tó yọ sí i lójú ọ̀nà kankan. Orí ọ̀pẹ olọ́pẹ ló ti já bọ́, níbi tó ti ń jí ẹmu mu. Ìlódò mú ewúrẹ́ kan wá fi tọrọ àforíjì. Ewúrẹ́ náà ń wúkọ́. Baálẹ̀ rán àwọn èèyàn lọ wá Oyèdòkun káàkiri, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Ọmọ tí aṣọ aró kò lè fi pamọ́, ayé gbà á, ó fi í pamọ́ pátápátá.

Orin tí Àwẹ̀ró sì torí rẹ̀ purọ́, wọ́n kọ ọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ kọjá, wọ́n ń kọ ọ́ pé, "Ọmọ aláró, kí lo rí? Fìrí! Kí ló kọjá? Fìrí!" Ó pẹ́ tó fi ń gbọ́ ọ láì fèsì. Lọ́jọ́ kan, ó gbé aṣọ tó ń fún sílẹ̀, ó jáde sí wọn. Kò bú wọn, kò sì sunkún. Ó dá wọn lóhùn. Orin náà kú mọ́ wọn lẹ́nu, wọn ò sì tún un kọ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé èsì náà délé fún àwọn bàbá wọn, òun sì ni àgbà ń sọ títí dòní bí ẹni tó rí òótọ́ bá ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, pé: Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.