Èbù Tí Abísogun Rù Lọ sí Òkè Odò

Ẹ̀yin ọmọ Arèbù, ọmọ a-ru-èbù-lọ-fẹ́ni-tí-ò-mọ̀, ohun tí àwọn tó bí wa fi lé wa lọ́wọ́ ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà bi yín ní ìdí orúkọ ìlú yín, kí ẹ sì máa wo ilẹ̀.

Abísogun ni ó tẹ ìlú yìí dó. Ọmọ ọba Ìlámọ̀ ni. Àkókò ogun ni wọ́n bí i, ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn tó ń kì í a máa pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí í gbẹ́rù àgbà, Abísogun tí kò bógun tan. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà, àbúrò rẹ̀ ni àwọn afọbajẹ fi jọba. Abísogun kò bá wọn jà. Ó kó àwọn tó fẹ́ tẹ̀ lé e, ó mú ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí, wọ́n sì ru èbù iṣu tí wọn yóò gbìn sí ilẹ̀ tuntun. Èbù yìí ni gbogbo ọrọ̀ wọn. Ẹni tó bá jẹ èbù rẹ̀ lójú ọ̀nà ti jẹ ọdún tó ń bọ̀.

Kí wọ́n tó kúrò ní Ìlámọ̀, Abísogun lọ sí ojúbọ orísun omi tó wà nínú ihò àpáta. Arúgbó obìnrin kan ni abọrẹ̀ ibẹ̀. Ó bomi sọ́wọ́, ó sì sọ fún un pé:

"Ibi tí wọ́n bá ti bi ọ́ pé kí ni àwọn jẹ́ sí ọ, má ṣe kọjá ibẹ̀."

Kò fi nǹkan kan kún un. Gbogbo wọn rò pé ẹnu ọ̀nà ààfin ọba ńlá kan ni wọn yóò ti bi í.

Ọdẹ́jìnmí ọlọ́dẹ ni ó ń ṣíwájú wọn. Ó ti dọdẹ dé ilẹ̀ kan nísàlẹ̀ odò Ọ̀sàrá, ilẹ̀ dúdú tó lọ́pẹ, tí kò sì lólúwa. Wọ́n fẹ́ kan odò náà, kí wọ́n sì máa bá etí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀, odò ti kún dé ẹsẹ̀ igi, omi rẹ̀ pọ́n bí epo, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀ níbi tí wọ́n wà. Ohun tó ń ṣàn kọjá lójú wọn kì í ṣe koríko. Òrùlé odidi kan kọjá, adìẹ kan sì bà lé e. Odó kọjá. Ilẹ̀kùn kọjá, igbá kọjá, àpótí ìjókòó kọjá.

Ẹfúnyẹmí rí aṣọ kan tó há sára ẹ̀ka igi. Ó wọ omi dé ìbàdí, ó fi ọ̀pá fà á. Ọ̀já ìponmọ aláró ni. Kókó rẹ̀ ṣì wà ní síso. Ó gbé e lọ́wọ́ títí, kò tú kókó náà. Ibi tó ti yọ ọ́ nínú omi ni à ń pè ní Etí-Ọ̀já. Àwọn àlejò a máa pè é ní Etí-Ọjà, wọ́n rò pé ọjà wà níbẹ̀. Ọjà kò sí níbẹ̀ rí.

Abísogun ní àwọn yóò gòkè odò lọ wo àwọn tó ni ẹrù náà. Ọdẹ́jìnmí kọ̀. Ó ní omi ti kó ẹni tí yóò kó. Ó ní ọ̀nà òkè odò jìn, àkókò ìgbìn kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

"A ò mọ orúkọ wọn," ó ní. "Bí a bá kọjá lọ, ta ni yóò dá wa lẹ́bi?"

Ẹfúnyẹmí dá a lóhùn pé, "Kò sẹ́ni tí yóò dá wa lẹ́bi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

 Abísogun gbé apẹ̀rẹ̀ èbù tirẹ̀ karí, ó kọjú sí òkè odò. Àwọn kan tẹ̀ lé e, àwọn kan dúró ti Ọdẹ́jìnmí. Wọ́n pín èbù láìjà, wọ́n sì kí ara wọn pé ó dìgbà. A kò gbúròó àwọn ará ìsàlẹ̀ odò náà mọ́. Ìdí rèé tí a kì í fi orúkọ Ọdẹ́jìnmí bú ènìyàn ní ìlú yìí. Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́, àwọn ọmọ tirẹ̀ ló sì ń rò.

Ìrìn náà pẹ́. Ìlú tí wọ́n bá ní òkè odò ni Ọ̀dọ̀gbó, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan níbẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ló bo gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kù wà lórí òkè kékeré kan, ewé ni wọ́n ń sè jẹ. Nígbà tí wọ́n rí àjèjì tó ru ẹrù, àwọn ọkùnrin wọn mú igi, nítorí wọ́n rò pé àwọn tó wá kó èyí tí omi ṣẹ́kù ni. Àgbàlagbà wọn, Ọ̀jẹ́dìran, sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wọn. 

"Ẹ̀yin wo nìyí?" ó bi Abísogun. "Kí ni àwa jẹ́ sí yín?"

Àwọn ará Ìlámọ̀ wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ tí wọ́n fi sọ ẹrù kalẹ̀.

Abísogun ní, "Bàbá, a ò mọ̀ yín rí. Ẹrù yín la rí lórí omi."

Ẹfúnyẹmí wá mú ọ̀já náà jáde. Ọ̀jẹ́dìran gbà á, ó wo etí aṣọ náà, ó wo kókó rẹ̀. Ti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ó bi Ẹfúnyẹmí bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀ nígbà tó rí i. Ẹfúnyẹmí ní rárá. Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó síbì kan lóun nìkan. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lórí òkè náà, wọ́n sin ọ̀já náà bí ẹni sin ènìyàn.

Wọ́n gbin èbù pọ̀. Ebi mú púpọ̀ lọ́dún náà, nítorí pé oúnjẹ tí kò tó ẹni kan ni ẹni méjì ń jẹ. Àwọn kan dábàá pé kí wọ́n hú díẹ̀ nínú èbù tó wà nílẹ̀ kí wọ́n fi gba àwọn arúgbó là. Ìyá Abísogun ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti jẹ iṣu tó nílé ayé, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ èyí tó ń bọ̀. Ó kú kí iṣu tó ta. Abísogun fúnra rẹ̀ ló sin ín, wọ́n ní ó sunkún níṣojú gbogbo ènìyàn, kò sì bojú.

Ẹrẹ̀ tí omi gbé wá ti sọ ilẹ̀ náà di ọlọ́ràá, iṣu tí wọ́n wà jáde níbẹ̀ tóbi ju iṣu Ìlámọ̀ lọ. Àwọn ará Ọ̀dọ̀gbó ni wọ́n sọ àwọn tó wá bá wọn ní Arèbù, èyíinì ni àwọn tó ru èbù. Orúkọ náà mọ́ gbogbo ìlú lára. Ìdílé Abísogun ló ń jọba, ìdílé Ọ̀jẹ́dìran ló ń fi wọ́n jẹ.

Títí di òní, bí a bá wa iṣu, ilé kọ̀ọ̀kan a máa gbé èbù lọ sí Àká Ẹni-a-ò-mọ̀ tó wà lẹ́yìn ààfin. Bí a bá gbọ́ pé omi gbé ìlú kan, tàbí ìjì ṣí òrùlé wọn, tàbí iná jó oko wọn, a óò ṣí àká náà. A kì í béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun tí wọ́n ń sìn. Láyé àtijọ́, orí la fi ń rù ú. Nísinsìnyí, ọkọ̀ ló ń gbé e, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa béèrè ọ̀nà lọ, nítorí ìlú tí wọn kò dé rí ni.

Ọdún tí àká bá ṣófo, a kì í kédàárò. Ṣùgbọ́n bí ó bá kún títí àkókò ìgbìn fi tún dé, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ nínú rẹ̀, àwọn àgbà a péjọ láàfin, wọn a sì bi ara wọn léèrè bóyá etí wa ti di.