Ọkọ̀ Tí Wọ́n Dí fún Ọ̀tá

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, ìlú tí ìjọba méjì ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Inú ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun fún ìjọba àkọ́kọ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń fi òwú àti ọ̀dà dí àlàfo àárín pákó kí omi má baà wọlé.

Ọgbà náà dùn nígbà kan. Òórùn pákó tútù a gba àdúgbò, ìró òòlù ni àwọn ìyàwó sì fi ń mọ̀ pé àkókò oúnjẹ kò tíì tó. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ omi, ẹni tó dí i ni ó kọ́kọ́ ń jókòó sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ lórí omi, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ wọn bá gbẹ, gbogbo ìlú a hó yèè.

Ìjọba kejì ṣẹ́gun, wọ́n gba ọgbà. Wọ́n ní ìjókòó yẹn ń fi àkókò ṣòfò, wọ́n fòpin sí i. Inú bí ọkùnrin yìí. Nígbà tí ó ń dí ọkọ̀ wọn, ó ki èérún pákó dípò òwú sínú àlàfo mẹ́ta, ó kun ọ̀dà lé e.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó bi í pé, "Baba Àṣàkẹ́, ṣé omi mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé ni?"

Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ogun parí kí ọkọ̀ náà tó kúrò ní èbúté. Ìlú padà sọ́wọ́ ìjọba àkọ́kọ́, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ náà máa kó èrò sọdá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àṣàkẹ́ ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́ tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí baba rẹ̀ gbọ́, ó sáré dé etí omi.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Atukọ̀ rẹ́rìn-ín. "Baba, ẹ̀yin tí ẹ dí i fúnra yín? Àbí ọjọ́ ogbó ti dé ni?"

"Èérún pákó ni mo fi dí i!"

Gbogbo èrò gbọ́ ọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Ọmọ mi, o kọ̀wé pé láti ìgbà tí àwọn ọ̀gá tuntun ti gba ilé iṣẹ́ omi yín, o kàn ń fọwọ́ sí ìwé ni, o kì í yẹ omi wò mọ́. Mo mọ bí ó ṣe dùn ọ́ tó. Èmi náà rántí ilé iṣẹ́ yẹn nígbà tí ẹ ṣì ń fi ẹ̀rín ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ kọ́ ni yóò mu omi náà. Jọ̀wọ́, lọ́la, kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkàn mi kò ní balẹ̀ títí n ó fi gbọ́ pé o lọ.