Láníyọnu àti Ahéré Ẹlẹ́mu Abẹ́ Ọparun

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra, ó gba ọ̀nà oko. Kò dúró lọ́dọ̀ ìjàpá, kò yà sọ́dọ̀ ajá, orí Láníyọnu agbéraga ló bà lé.

Ẹ̀yin ọmọ, Láníyọnu yìí kò ka nǹkan kékeré sí. Bí ilé kò bá ga, kò ní kí onílé. Bí àwo kò bá fẹ̀, kò ní jẹun nínú rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ nílé ọkọ. Láníyọnu mú ìyá wọn arúgbó, wọ́n forí lé ọ̀nà ìkómọjáde. Oòrùn mú hanhan, ilẹ̀ gbóná janjan. Wọn ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí kèrègbè omi wọn fi gbẹ táútáú.

"Láníyọnu, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Ẹ rọ́jú, Ìyá. A ó ríbi gidi yà láìpẹ́."

Kò pẹ́, arúgbó dúró, ó ń fa imú fín-ín-fín-ín. "Mo gbóòórùn ẹmu." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igbó. Ahéré kan ba síbẹ̀ lábẹ́ ọparun. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú débi pé àfi kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Ohùn ọkùnrin kan ti inú rẹ̀ wá: "Ẹ kú ìrìn o! Ẹ yà, kẹ́ ẹ mu díẹ̀."

Láníyọnu bú sẹ́rìn-ín. "Èmi Láníyọnu! Kí n rá wọ ihò òkété? Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilé ẹlẹ́mu ńlá ń bẹ níwájú."

Ìyá wò ó, ó tẹ̀lé e.

Wọ́n rìn, rìn, rìn. Wọn ò rí ilé ńlá, wọn ò rí kékeré. Igbó níwájú, igbó lẹ́yìn. Ojú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Gbì! Ó ṣubú. Láníyọnu pè é títí, kò dáhùn.

Àyà Láníyọnu já pà! Ó pọn ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó sáré padà. Ẹ̀rù ń bà á, ojú ń tì í. "Bí baba yẹn bá lé wa ńkọ́? Ṣebí mo pe ilé rẹ̀ ní ihò?" Ó ń sunkún, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹlẹ́mu abẹ́ ọparun,
— *Jàntó, jàntóròró!*
Ẹ má bínú, ẹ gbà wá wọlé,
— *Jàntó, jàntóròró!*
Ẹnu mi ló ṣẹ̀ yín o,
— *Jàntó, jàntóròró!*
Ìyá mi kò ṣẹ̀ yín rárá,
— *Jàntó, jàntóròró!*

Orin yìí ló ń kọ títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà. Baba arúgbó kan yọ jáde, Agbóọlá adẹ́mu ni. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orin ni ìyá rẹ máa mu ni? Bẹ̀rẹ̀, kóo wọlé!"

Láníyọnu rá wọlé. Háà! Inú ibẹ̀ tutù nini bí etí odò. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmù omi wà ní igun, agbè ẹmu tò lọ rẹrẹ, ewé tútù ni wọ́n fi dí wọn lẹ́nu. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń mu lọ́wọ́ dìde lórí ẹní, wọ́n fàyè sílẹ̀. Agbóọlá wọ́n omi sí ìyá lójú, ó ń kán an sí i lẹ́nu, tó, tó, tó. Láníyọnu di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kò lè mí.

Hàṣìì! Ìyá sín. Ó la ojú, ó wo òrùlé, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ihò òkété náà rèé?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láníyọnu ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, ara rẹ̀ dẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, ẹ forí jì mí."

"Dìde jàre. Oòrùn ní í ba ẹmu jẹ́, ìyẹn ni mo ṣe fi í pamọ́ síbi tó tutù. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni mo ń dá a fún." Ó bu ẹmu kún igbá fún un. Kí Láníyọnu tó gbé e dẹ́nu, ìyá ti nawọ́. "Àgbà ló ń kọ́kọ́ mu!"

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n dágbére. Wọ́n dé ilé ọkọ àbúrò Láníyọnu lálàáfíà. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá arúgbó fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀, ó ń kì í, ohùn rẹ̀ ń dún gbọnmọgbọnmọ. Láníyọnu gbọ́ ohùn náà, ó mí kanlẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ohun tó ní kí n sọ fún yín ni pé a kì í fi gíga òrùlé mọ ilé ire. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ibi tó rẹlẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ìgbéraga yín fìyà jẹ ẹni tó ń tẹ̀lé yín lẹ́yìn.