Ìwé Ìrántí Ìyàwó Tíṣà

Fọlárànmí ni ó ń to ojú ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kọ̀ǹpútà Linux kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ gbára lé, ó sì ti dàgbà. Ó ti rẹ ẹ̀rọ, ó ti rẹ Fọlárànmí náà, nítorí láti ìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ẹrù ẹni méjì ti di tirẹ̀ nìkan.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà Odùkọ̀yà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀la ni àdúrà ogójì ọjọ́ ìyàwó rẹ̀. Bàbá ti fi ẹkún kọ ìtàn ayé obìnrin náà; ohun tó wù ú kò ju kí ẹbí tó bá wá mú ìwé náà dání lọ sílé. Ìwé ti parí lórí ẹ̀rọ, ó ku kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà," ni Bàbá wí.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i, sà. Àwòrán Màmá ṣókùnkùn. Ètò kọ̀ǹpútà tuntun kan wà tí yóò tún un ṣe."

Ètò tuntun náà kọ̀, kò ṣí. Ó ní òun kò rí irú láíbúrárì, ìyẹn fáìlì tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, tí òun ń wá, pé èyí tó wà nílẹ̀ ti gbó jù. Láíbúrárì yìí dà bí ọlọ agboolé: ọ̀kan ló wà, orí rẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń lọ ata. Fọlárànmí mọ ohun tó yẹ kó ṣe: kí ó fi láíbúrárì tuntun sí àyè ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀rọ, kí ó júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún ètò náà nìkan. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í gbani nímọ̀ràn rere. Ó mú òmíràn láti inú fláàṣì, ó fi rọ́pò ti àtijọ́ láìfi èyí pamọ́.

Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Ètò tí wọ́n fi ń tẹ̀wé kò ṣí mọ́. Àṣẹ tó yẹ kó fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe gan-an kò jẹ́, nítorí láíbúrárì yẹn ni òun náà gbára lé. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Bàbá bi í.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Bàbá kò bínú. Ì bá tilẹ̀ bínú, ì bá sàn fún Fọlárànmí. Ó kàn dìde, ó ní, "Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Jẹ́ n máa lọ sílé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Fọlárànmí tó fi díìsì kan jí ẹ̀rọ náà, tí ó sì ti inú díìsì náà dá irú láíbúrárì ti tẹ́lẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ó tẹ ìwé, ó sáré gbé e lọ. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti ń kó àga kúrò lágbàlá, ẹbí ti tú ká.

Bàbá gba ìwé kan, ó ṣí i, ó wò ó títí.

"O ṣeun," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ta ni n óò wá pín in fún báyìí?"

 Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń fi ọ̀rọ̀ Fọlárànmí pa òwe pé, a kì í tìtorí àlejò kan yọ òpó tí gbogbo ilé gbára lé.