Alásè Tí Kì Í Tọ́ Ọbẹ̀ Wò

"Bàbá, ìyá mi ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Ẹsẹ̀ wọn ni mo fẹ́ fọ̀."

"Ìyẹn ò burú. Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ayàwòrán mẹ́ta péré."

"Mẹ́ta! Ẹsẹ̀ mélòó ni ìyá rẹ ní?"

Giridari fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀, kò wá. Oníṣòwò aṣọ ni, ní ìlú kékeré kan létí odò ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹlẹ́sìn Híńdù sì ni bíi ti àwọn baba rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ di ẹni tó ti rí ẹgbẹ̀rún òṣùpá àranmọ́jú. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún nìyẹn. Bí àṣà wọn, ọmọ yóò fọ ẹsẹ̀ ìyá, yóò forí kanlẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò sì gba àdúrà. Giridari ti kéde fún gbogbo ayé lórí ayélujára pé kí wọ́n máa retí òun. Ṣùgbọ́n bí ìyá ṣe rí kámẹ́rà, yàrá ló wọ̀ lọ. Ó ní òun ò fẹ́ ìfọsẹ̀ kankan mọ́. Oòrùn sì ti ń rọlẹ̀. Bí ọjọ́ yìí bá kọjá, kò tún sí irú rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ya fọ́tò? Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é."

Bàbá tó sáré wá bá yìí, àgbà olùkọ́ tẹ́ḿpìlì wọn, tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. Ó ní kó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀:

Ọkùnrin kan wà tó ń se oúnjẹ fún Krishna, Olúwa tí à ń sìn, ní tẹ́ḿpìlì kan. Ìwọ náà mọ òfin ilé ìdáná wa: alásè kò gbọdọ̀ tọ́ oúnjẹ wò kí Olúwa tó jẹ. Ti ọkùnrin yìí tilẹ̀ tún le sí i, aṣọ ló fi ń di imú, kí òun má baà kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi se ọbẹ̀ tí kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé iwájú Olúwa, tí wọ́n gbé e padà, tí wọ́n sì pín in fún gbogbo èrò. Òun ló ń jẹ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ ọdún kan, obìnrin kan gbé kámẹ́rà wá. Ó fẹ́ kí ayé mọ alásè yìí. Èrò rẹ̀ dára. Ó béèrè èyí, ó béèrè tọ̀hún, alásè ń dá a lóhùn, ó sì ń ro ọbẹ̀ elégédé rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, obìnrin náà ní, "Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín síbí. Ṣíbí kan ni."

Alásè mirí. "Kò tíì kàn mí."

Wọ́n gbé oúnjẹ lọ, wọ́n gbé e padà. Àwọn èrò jẹ ẹ́. Omi ni wọ́n ń wá kiri. Alásè fúnra rẹ̀ ló wá pe obìnrin náà: "Ẹ gbé kámẹ́rà yín wá wàyí. Ó ti di ti gbogbo wa." Ó bu ọbẹ̀ sẹ́nu. Ojú rẹ̀ yí padà. Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló bu iyọ̀ sí i.

"Ẹ ò rí i!" ni obìnrin náà wí. "Ká ní ẹ tọ́ ọ wò ni!"

Alásè ń mumi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ká ní mo tọ́ ọ wò, ì bá dùn. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni ǹ bá ti sè é fún."

Ibẹ̀ ni olùkọ́ parí ìtàn rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ó wo Giridari lójú.

"Ọmọ mi, èmi ò bá fọ́tò jà. Inú fóònù lèmi náà ti ń rí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ìwọ ni mò ń bá wí. Ìyá rẹ ló ni ìfọsẹ̀ yẹn, o sì ti gbé e fún àwọn àjèjì jẹ kó tó kan ẹni tó ni ín. Àjẹkù lo gbé lọ bá ìyá rẹ."

Giridari ò lè gbójú sókè. Ó tẹ fóònù, ó ní kí àwọn ayàwòrán máa lọ sílé. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà náà, ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọn tó ń retí rẹ lórí ayélujára ńkọ́?" ni olùkọ́ béèrè. "Kí lo máa sọ fún wọn?"

Ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Mà á ní kí wọ́n lọ fọ ẹsẹ̀ ìyá tiwọn, Bàbá."