Omi Tó Dànù Lágbàlá

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ omi àdúgbò ti gbẹ kí òjò tó rọ̀. Ìyá Ìbídùn gbé dúrọ́ọ̀mù oníke sábẹ́ páànù kí ó lè gbe omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Nígbà tí òjò dá, ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú oorun, ó sáré lọ ra ọṣẹ.

Ó padà dé, ó bá dúrọ́ọ̀mù ní ìdùbúlẹ̀.

“Ta ló da omi mi nù?”

“Èmi ni,” ni Ìyá Àgbà, aládùúgbò rẹ̀, dáhùn láti orí ilẹ̀ tútù tó jókòó sí.

“Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Kí lẹ̀ṣẹ̀ mi?”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ta ni kò mọ̀ pé Ìyá Àgbà kì í fi omi ṣòfò? Kí ló wá dé tó ń gbọ̀n? Kí ló wé mọ́ inú ìró rẹ̀?

Ohun tó wé mọ́ inú ìró náà húkọ́.

“Búlọ́ọ̀kù tí o fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù ni Ìbídùn gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí lókè. Ìbàdí mi ò jẹ́ kí n lè gbé e, ni mo bá fi èjìká ti dúrọ́ọ̀mù ṣubú. Ọmọ mi, omi ló dànù, agbè ò fọ́.”

Ìyá Ìbídùn gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Òjò tún bẹ̀rẹ̀, kò sì rántí gbé dúrọ́ọ̀mù dìde.